Kí Ni Ìṣirò Ìdá Ń Wá Nínú Kíláàsì Yorùbá?

 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Mo rò pé ó sàn ká sọ ọ́ ní gbangba nínú ìwé ìròyìn wa yìí ju ká máa sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà lọ, nígbà tí ẹ bá wá mú àwọn ọmọ lọ sílé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni mo ti ń lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú kíláàsì Sátidé fún ìṣirò ìdá: bí a ṣe ń sọ ìdá kan di púpọ̀ pẹ̀lú ìdá mìíràn, àti bí a ṣe ń mú èsì rẹ̀ rọrùn. Yorùbá nìkan la fi ń ṣe é. Inú àwọn òbí kan kò dùn sí i.

Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní: "Tíṣà, ẹ má bínú sí mi o. Yorùbá la ní kí àwọn ọmọ wá kọ́ ní Al-Ammariyah níbí. Ìṣirò wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ láàrin ọ̀sẹ̀, owó kékeré kọ́ la sì ń san níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, kí wọ́n mọ òwe díẹ̀, kí wọ́n lè bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyẹn ti tó."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta péré la ní lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn kò ṣòfò, kò sì yẹ ká pa á tì. Èdè tí ọmọ kò lè fi pín nǹkan, tí kò lè fi ṣírò owó, tí kò lè fi béèrè pé "kí ló dé tí ìpín tèmi fi kéré?", èdè ìkíni lásán ni yóò dà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá sì ti di èdè ìkíni lásán, kò ní pẹ́ tí ìkíni náà yóò fi tán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́. Mo kọ 1/2 × 1/3 sójú pátákó. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá àti mọ́kànlá ni wọ́n, gbogbo wọn ló sì mọ èsì rẹ̀ kí n tó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀: 1/6. Wọ́n ní òkè lọ́nà òkè, ìsàlẹ̀ lọ́nà ìsàlẹ̀, ó parí. Mo wá bi wọ́n pé: "Ó dáa. Èwo ló pọ̀ jù, ṣé 1/3 ni àbí 1/6?" Àwọn kan ní 1/6 ni, nítorí pé 6 ju 3 lọ. Àwọn tó mọ̀ pé 1/3 ló pọ̀ jù wo ojú pátákó, wọ́n dákẹ́. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní: "Tíṣà, ẹ ní ìsọdipúpọ̀ ni. Bí a bá ti sọ nǹkan di púpọ̀, báwo ló ṣe tún wá kéré sí i?"

Ẹ̀yin òbí, ìbéèrè yẹn níye lórí lójú mi ju gbogbo èsì tí wọ́n ti dá lọ. Ọmọ náà ti ń ṣe irú ìṣirò yìí ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún odindi ọdún kan, kò sì béèrè rí. Ní èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ níbẹ̀, orúkọ iṣẹ́ náà kò sọ nǹkan kan fún un, ó kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ "ìsọdipúpọ̀", ọ̀rọ̀ náà yé e, ó sì rí i pé ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ kò bá ohun tó wà lójú pátákó mu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yé ló lè bá ọ̀rọ̀ jiyàn.

Òótọ́ sì ni ọmọ náà sọ. Bí a bá ń fi nọ́ńbà odidi ṣe é, bí 3 lọ́nà 4, nǹkan ń di púpọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ìdá bá kan ìdá, kì í pọ̀ sí i. Nítorí náà mo ní kí wọ́n gbàgbé àmì × fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n ka ohun tí mo kọ bí ẹni tó ń sọ Yorùbá nílé: ìdajì ìdámẹ́ta. Bí a ṣe ń sọ pé ilé bàbá, tàbí ọmọ ọba, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ pé ìdajì ìdámẹ́ta. Ilé tó jẹ́ ti bàbá. Ìdajì tó jẹ́ ti ìdámẹ́ta. Bí wọ́n ṣe kà á báyìí, kò sí ẹni tó tún sọ pé èsì rẹ̀ yóò pọ̀ ju ìdámẹ́ta lọ. Ta ló máa gba ìdajì ẹran kan, tí yóò ní ó pọ̀ ju odindi ẹran náà lọ?

Àwọn tó gbọ́ Lárúbáwá dáadáa nínú wọn kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní bí àwọn ará Jẹ́dà ṣe máa sọ ọ́ náà nìyẹn: nisf al-thulth, ìdajì ìdámẹ́ta, ọ̀rọ̀ méjì tó tẹ̀ léra gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Inú mi dùn, nítorí pé ọ̀nà àtijọ́ ni. Abu al-Wafa, onímọ̀ ìṣirò tí wọ́n bí ní ọdún 940, tó sì ṣiṣẹ́ ní Baghdad, kọ ìwé ìṣirò kan fún àwọn akọ̀wé àti àwọn oníṣòwò. Lárúbáwá ní orúkọ ẹyọ kan fún ìdá kọ̀ọ̀kan láti orí ìdajì títí dé ìdámẹ́wàá. Bí ìdá bá ti kéré ju ìyẹn lọ, ńṣe ni wọ́n ń to orúkọ pọ̀. Ohun tí àwa ń kọ ní 1/12, ìdajì ìdámẹ́fà ni wọ́n ń pè é. Kí ọmọ tó gbọ́ orúkọ náà tán, ó ti gbọ́ ìsọdipúpọ̀ ìdá nínú rẹ̀.

Ilà tí a ń fà sáàrin nọ́ńbà òkè àti nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pàápàá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ Lárúbáwá ló ti wá. Al-Hassar, onímọ̀ ìṣirò kan ní Àríwá Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1100 sí 1200, wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ rí i nínú ìwé wọn. Fibonacci ará Pisa, tó kọ́ ìṣirò nígbà èwe rẹ̀ ní èbúté Béjaïa tó wà ní Àlùjíríà òde òní, gbé e dé Yúróòpù nínú ìwé tó kọ ní ọdún 1202. Nítorí náà, kí ọmọ wa tó ń gbé Jẹ́dà má ṣe rò pé nǹkan àjèjì ni ìdá jẹ́ fún òun. Èdè méjì tó wà létí rẹ̀ lójoojúmọ́ ló ní in.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí mímú ìdá rọrùn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ṣi iṣẹ́ ṣe jù. Mo gbé tamees kan wá sí kíláàsì, búrẹ́dì ńlá pẹrẹsẹ yẹn tí à ń rà ní gbígbóná tí a fi ń jẹ ful. Mo gé e sí mẹ́rin. Mo fún ọmọ kan ní ègé kan, ó sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa. Ohun tó kù jẹ́ 3/4. Mo ní: "Ẹ gbé ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó kù yìí lọ fún kíláàsì kejì." Lójú pátákó, 2/3 × 3/4 ni, òkè lọ́nà òkè jẹ́ 6, ìsàlẹ̀ lọ́nà ìsàlẹ̀ jẹ́ 12. Èsì rẹ̀ ni 6/12. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gé búrẹ́dì sí méjìlá! Ègé mẹ́ta ló wà lórí tábìlì. Wọ́n mú méjì nínú mẹ́ta náà, wọ́n gbé e lọ. Ègé méjì nínú mẹ́rin ni wọ́n gbé lọ, ìyẹn ìdajì búrẹ́dì náà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 3. Ó wà lókè níbì kan, ó wà nísàlẹ̀ níbòmíràn, a sì lè fagi lé méjèèjì kí a tó ṣe ìsọdipúpọ̀ rárá. Àwọn ọmọ mọ̀ pé a lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé 3 kan ń sọ iye ègé tó kù, 3 kejì sì ń sọ iye ọ̀nà tí a fẹ́ pín ègé náà sí. Ègé mẹ́ta tí a pín sọ́nà mẹ́ta, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni. Ìdí tí wọ́n fi pa ara wọn rẹ́ nìyẹn. Èyí tó kù ni 2/4, bí a bá sì fi 2 pín òkè àti ìsàlẹ̀, ó di 1/2.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló rò pé bí 6/12 ṣe di 1/2 yìí, nǹkan kan ti dín kù. Kò sí ohun tó dín kù. Bí ẹ bá gé búrẹ́dì kan sí méjìlá, tí ẹ mú mẹ́fà, tí ẹ gé èkejì sí méjì, tí ẹ mú ọ̀kan, ohun kan náà lẹ mú. Orúkọ ló kúrú. Bàbá sọ ọmọ ní Ayọ̀délé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Délé. Ṣé gíga rẹ̀ dín kù ni? Délé náà ni Ayọ̀délé. 1/2 náà ni 6/12.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ẹ mú ìdá rọrùn kí ẹ tó sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí nọ́ńbà bá ti di gọ̀ǹgbọ̀. Ẹ wo 3/8 × 4/9. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di púpọ̀, 12/72 ni, ẹ óò wá jókòó máa wá nọ́ńbà tó lè pín méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wò ó dáadáa, 3 wà lókè, 9 wà nísàlẹ̀. Ẹ fi 3 pín méjèèjì: 3 di 1, 9 di 3. 4 wà lókè, 8 wà nísàlẹ̀. Ẹ fi 4 pín méjèèjì: 4 di 1, 8 di 2. Ohun tó ṣẹ́ kù ni 1/2 × 1/3. Ẹ ti mọ èsì ìyẹn.

Ẹ kíyè sí ohun méjì. Èkíní, fífi nọ́ńbà kan náà pín òkè àti ìsàlẹ̀ là ń pè ní mímú ìdá rọrùn, kì í ṣe fífagi lé ohun tó bá ṣáà ti jọra lójú. Ọmọ kan rí 12/24, ó fagi lé 2 tó wà nínú méjèèjì, ó ní 1/4 ni. Irọ́ ni, 1/2 ni. Èkejì, inú ìsọdipúpọ̀ nìkan la ti lè mú òkè ìdá kan bá ìsàlẹ̀ ìdá kejì. Bí àmì àárín bá jẹ́ ti ìròpọ̀, ẹ má ṣe dán an wò.

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé: "Tíṣà, eré ọmọdé ni ti búrẹ́dì. Kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi ìdá inú ìdá ṣe?" Ẹ jẹ́ ká wo ogún.

Nílé Yorùbá, bí bàbá tó ní ìyàwó púpọ̀ bá kú, ọ̀nà méjì ni àwọn àgbà mọ̀ tí wọ́n fi ń pín ogún rẹ̀. Èkíní ni ìdí-igi: a ó kọ́kọ́ pín in sí iye ìyàwó tó bímọ fún un, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan yóò pín tiwọn láàrin ara wọn. Èkejì ni orí-ò-jorí: a ó pín in sí iye ọmọ, olúkúlùkù yóò gba ìpín kan. Ẹjọ́ kan tí àwọn amòfin Nàìjíríà mọ̀ dáadáa, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní Èkó, orí ọ̀rọ̀ yìí ló dá lé. Bàbá tó kú fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀, kò sì ṣe ìwé ìhágún. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Ní ọdún 1958, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ìjọba àpapọ̀ yí i padà, ó ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, orí-ò-jorí sì wà fún ìgbà tí ìjà bá dé, tí olórí ẹbí rí i pé òun ló dára jù. Ní ọdún 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí ìdájọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ tiwa wo ohun tí ìyàtọ̀ náà lè jẹ́. Ká ní ìyàwó mẹ́rin wà, ọ̀kan bí ọmọ kan, méjì bí ọmọ méjì méjì, ìkẹrin bí mẹ́rin. Ọmọ mẹ́sàn-án ni. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, olúkúlùkù gba 1/9. Bó bá jẹ́ ìdí-igi, ọmọ tó dá wà gba odindi ìdí tirẹ̀, 1/4. Ní ìdí tí ọmọ méjì wà, ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ìdajì 1/4, ìyẹn 1/8. Ní ìdí tí ọmọ mẹ́rin wà, ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 1/4 × 1/4, ìyẹn 1/16. Ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá lè ṣírò ìdá inú ìdá, ohun tí wọ́n bá gbé lé e lọ́wọ́ ni yóò gbà, kò ní mọ̀ bóyá ó pé tàbí kò pé.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò sọ pé òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ẹbí tiyín fi ń pín ogún. Ìdá náà ló wà níbẹ̀. Bí ọkọ bá kú tó fi ọmọ sílẹ̀, 1/8 ni ti ìyàwó. Bó bá jẹ́ ìyàwó méjì, wọn kò ní gba 1/8 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn yóò pín 1/8 kan náà ni. Ìdajì ìdámẹ́jọ, 1/2 × 1/8, jẹ́ 1/16 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ogún tó jẹ́ 32,000 ríyàl, 2,000 ríyàl nìyẹn. Ọ̀nà yòówù kí ẹbí kan tẹ̀ lé, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọn ọmọ wa yóò jókòó sáàrin ẹbí nílé, ní Ìbàdàn, ní Ìlọrin tàbí ní Ìwó, tí wọn yóò máa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Yorùbá ni wọn yóò fi sọ ọ́. Ṣé "ẹ kú ilé" àti òwe méjì ni ọmọ wa yóò gbé lọ síbẹ̀?

Ẹ̀rù mìíràn tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn àwọn òbí, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́, ni pé fífi Yorùbá ṣe ìṣirò lè da ọmọ rú, kó sì fà á sẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti dán èyí wò rí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tó ti di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀. Wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láyè ara rẹ̀, lọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn ọmọ mìíràn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń ṣe nígbà náà. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó lo Yorùbá jálẹ̀ kò rẹ̀yìn nínú ìṣirò, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, àwọn ló ṣe dáadáa jù.

Ohun tó dùn mí ni pé a kò tíì fi ẹ̀kọ́ yẹn ṣe ohun tó yẹ nílé. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Tunji Alausa tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà náà, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n padà sí. Bí wọn kò bá ní ṣe é ní Èkó àti ní Òṣogbo, ta ni yóò ṣe é? Àwọn ìyá àti bàbá nílé ni, àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀ kéékèèké bíi tiwa.

Mi ò ní tan yín pé kò sí ìṣòro. Nọ́ńbà Yorùbá le fún àwọn ọmọ wa bó bá ti kọjá mẹ́rìnlá, nítorí yíyọ tó wà nínú rẹ̀. Kí ọmọ tó pe mẹ́rìndínlógún tán, ẹlòmíràn ti parí ìṣirò. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà kọ ọ́, kí wọ́n sì fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe. Ìṣòro kejì ni pé ọ̀rọ̀ wa lè dàrú mọ́ra wọn létí. Ìdámẹ́ta jẹ́ 1/3, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ 3/4. Ọmọ tí kò fetí sílẹ̀ yóò fi ọ̀kan pe èkejì. Nítorí náà, fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mo ń pe 1/3 ní "ìdá kan nínú mẹ́ta" títí yóò fi mọ́ wọn lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni àbọ̀ àti ìdajì: agogo méjì àbọ̀ la ń sọ, a kì í sọ pé agogo méjì ìdajì. Èmi ò rí i bí ìdí láti sá. Ìṣòro èdè ni, àti pé èdè la wá kọ́.

Ní ti àkókò tí bàbá wa ń ṣàánú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pa pọ̀. Wákàtí mẹ́ta la ní. Wákàtí kan jẹ́ ìdámẹ́ta rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì jẹ́ ìdajì wákàtí kan. Ìdajì ìdámẹ́ta, 1/2 × 1/3, ni mo ń lò. 1/6 ni. Ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà ṣì wà fún ìkíni, òwe, àlọ́, kíkà àti kíkọ. Nínú 1/6 yẹn pàápàá, Yorùbá ni àwọn ọmọ ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ń sọ ọ́ ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí a bá ń ka ìwé lọ, nítorí pé iyàn ni wọ́n ń jà.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀, ẹ bá àwọn ọmọ ṣe ìdá kan péré nílé, lédè Yorùbá. Bí ẹ bá ti ọjà dé, ẹ mú rìsíìtì. Owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ọjà ní Saudi láti oṣù keje ọdún 2020 jẹ́ 15 nínú 100. Ẹ ní kí ọmọ mú 15/100 rọrùn. Yóò fi 5 pín òkè àti ìsàlẹ̀, yóò di 3/20. Lórí ọjà 40 ríyàl, ríyàl mélòó nìyẹn? Mẹ́fà ni. Bí ẹ bá ń yọ sàká, báńkì yóò ní ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, àlùfáà yóò ní ìdá kan nínú ogójì. Ẹ ní kí ọmọ wádìí bóyá àwọn méjèèjì ń bára wọn jà. Kó kọ ọ́ ní 25/1000, kó fi 25 pín òkè àti ìsàlẹ̀, kó wo ohun tó máa rí. Bí ẹ bá fẹ́ dín àkàrà tí ẹ ń ṣe kù, tí ẹ̀wà tí ẹ máa ń lò jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kílò, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé kí ni ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀. Ẹni tó bá rántí tamees yóò dáhùn kí epo tó gbóná.

Bó bá ṣì dá, ẹ má ṣe sọ ìdáhùn fún un ní Gẹ̀ẹ́sì láti fi yá iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé bó ṣe ṣe é, ibi tí àṣìṣe wà yóò hàn lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀yin náà kò bá mọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú un wá ní Sátidé.

Bàbá tó bá mi sọ̀rọ̀ ṣì ń mú ọmọ wọn wá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n dé láti mú un lọ, ọmọ náà ń bá ẹnì kejì rẹ̀ jiyàn lẹ́nu géètì lórí ègé súyà tó kù nínú ìwé. Ó ń pariwo pé: "Kì í ṣe ìdajì lo máa gbà, ìdajì ìdajì ni! Mo ti kọ́kọ́ fún ọ ní ìdajì àkọ́kọ́!" Bàbá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò sọ nǹkan kan. Mo gbà pé a kò tíì parí ọ̀rọ̀ wa. Àmọ́ Yorùbá ni ọmọ náà fi ń jà fún ìpín rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó sọ ọ́.